Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa, ní Ajíbọ́dé)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọrọ̀ tó wà ní àyíká ilé-ìwé wa, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa retí ọ̀rọ̀ kòkó, obì, ẹ̀gẹ́, tàbí ti ilẹ̀ tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa náà ló kọ́ wa pé kí á máa wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ewé, èso, egbò àti olú ni mo mú wá, àwọn tó ń hù nínú igbó wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, a kì í kà á mọ́ ọrọ̀, ohun tí a kò bá sì kà, a kì í mọ ìgbà tó ń tán lọ.

Ewé tó rán ọmọ ní ilé-ìwé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé eéran. Kò sí ẹni tó jókòó síbí tí kò tíì tú mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì Ọ̀fàdà láti inú ewé yìí rí. Òórùn ewé yẹn nìkan, ó ti tó kí ọ̀fun ènìyàn máa tó itọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ. Ewé eéran ti pẹ́ lára oúnjẹ wa débi pé, bí wọ́n bá se mọ́ín-mọ́ín nínú agolo tàbí nínú ọ̀rá, ẹlòmíràn á ní òun kò tíì jẹ mọ́ín-mọ́ín.

Ewé eéran kì í ṣe igi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rá lọ lábẹ́ ilẹ̀, á máa yọ ọ̀pá gígùn sókè, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan á sì ru ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo lórí. Èyí tó bá rí ibi tó dára lè ga ju ènìyàn lọ. Abẹ́ igi ńlá ló fẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí oòrùn kò ti ń ta kòròkòrò: inú ẹgàn, ẹ̀bá odò, tàbí abẹ́ kòkó àti obì tó ti dàgbà. Bí ẹni tó ń já a bá mú èyí tó ti gbó, tó fi ọ̀dọ́ sílẹ̀, tí kò sì fa gbòǹgbò tu, ibẹ̀ náà ni yóò tún padà sí. Ọ̀pá rẹ̀ pàápàá kò ṣòfò. Wọ́n ń là á, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń fi hun ẹní.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí àwọn kan nínú wa tí wọ́n máa ń pẹ́ dé ìtò àárọ̀? Tísà á ní, "Ìwọ, kí ló tún dé lónìí?" Ọmọ ọ̀hún á dákẹ́. Kò ní sọ pé òun ti ru ìdì ewé dé ojú ọ̀nà Òjòó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí àwọn oní-mọ́ín-mọ́ín tó ń lọ sí Bódìjà lè rà á. Owó ewé yẹn ló di owó ìwé, òun náà ló di owó aṣọ ilé-ìwé. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé lásìkò tí kòkó kò tíì pọ́n, tí iṣu tuntun kò tíì jáde ni. Àgbẹ̀ tó bá mọ bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ṣe máa ń rí lóko, ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ sì wo ẹni tó ń já ewé. Kì í sábà jẹ́ baba onílẹ̀. Ìyàwó ilé ni, tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀ ìdílé ọkọ rẹ̀. Opó ni. Ọmọbìnrin ni. Àlejò tó wá ṣe lébìrà oko ni. Igbó ni oko ẹni tí kò ní oko. Bí olórí ẹbí bá ní kí wọ́n má gbin kòkó sílẹ̀ òun, wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kí opó má já ewé tó hù fúnra rẹ̀?

Ẹ̀fọ́ àti olú

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ báyìí, oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹ̀fọ́ yánrin á hù ní ẹ̀bá oko, ẹ̀bọ̀lọ̀ á hù níbi tí iná ti jó, wòròwó á máa fà lábẹ́ kòkó. Nínú ìlú, wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀fọ́ àwọn àgbà. Ní Ìdí-Ìṣin nílùú Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa, nítorí pé ẹni tó bá ń jẹ wọ́n kò tíì jìyà oúnjẹ tán.

Olú wá ńkọ́? Olú tó ń yọ lára òkìtì ọ̀gán, tí àwọn ọmọdé máa ń tò sí etí títì láti tà fún àwọn onímọ́tò, iṣẹ́ ikán ni. Ikán ló ń kó ewé àti igi gbígbẹ wọlé, tó ń fi wọ́n ṣe oko fún olú náà nínú ilé rẹ̀. Ènìyàn ti rí ọ̀pọ̀ olú mìíràn gbìn, àmọ́ èyí ṣòro fún wọn, nítorí ikán nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso, ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé kan ní 1975 lórí olú àti àwa Yorùbá, inú ìwé ìròyìn Mycologia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ rò ó wò: ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa olú, èyí tó ṣe é jẹ àti èyí tó ń pani, ló di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkè òkun. Bí katakata bá sì ti tú òkìtì ọ̀gán ká láti fi ilé lélẹ̀, olú ti parí níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè lọ ra irúgbìn rẹ̀ lọ́jà.

Adùn tó rékọjá òkun

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ewé eéran. Ewé là ń já, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní ìdí ọ̀pá, tí ewé gbígbẹ máa ń bò mọ́lẹ̀. Ó pupa, ó ní igun mẹ́ta. Bí ẹ bá là á, ẹ ó rí kóró dúdú pẹ̀lú ohun rírọ̀ kan lára rẹ̀ tó ń dùn bí oyin, tí adùn rẹ̀ á sì pẹ́ lẹ́nu. Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ W. F. Daniell kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ ewé náà nínú ìwé àwọn onímọ̀, Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Netherlands, van der Wel àti Loeve, yọ ohun tó ń mú un dùn jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Ẹ gbọ́ o: bí a bá fi ìwọ̀n wé ìwọ̀n, ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Ilé-iṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ Talin. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yúróòpù, bí ẹ bá rí E957 lára páálí oúnjẹ tàbí ṣingọ́ọ̀mù, adùn ewé eéran nìyẹn.

Kí ló dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń já ewé ní Akínyẹlé? Owó ewé náà ni, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nísinsin yìí, àwọn onímọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí kòkòrò tín-tìn-tín inú ìgò ṣe thaumatin fúnra rẹ̀, láìlo èso kankan. Ọjà kì í dúró de ẹni tó ń sùn.

Ti àgbáyun kò yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní bọ́ọ̀dìn, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n! Ẹ ó lá a tán, ẹ ó wá mu gààrí kíkan láìsí ṣúgà, ẹ ó sì máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ ta àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní: "Gbà, ó dùn!" Àgbáyun fúnra rẹ̀ kò dùn púpọ̀, ahọ́n ló ń bá ṣiṣẹ́, tí ohun kíkan fi ń dùn lẹ́nu ẹni tó lá a. Daniell yìí kan náà ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1852. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ ohun inú rẹ̀ jáde. Wọ́n fẹ́ máa tà á ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí dókítà ní kí wọ́n yé jẹ ṣúgà, ṣùgbọ́n ní 1974 ìjọba ibẹ̀ ní àfi bí wọ́n bá tún yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Síbẹ̀, wọ́n ń gbìn ín ní Florida lónìí. Àwa tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ṣẹ̀, mélòó nínú wa ló ní igi kan ṣoṣo?

Orín tí a ń rún

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kò ní gbàgbé ìtàn orín àtà. Ní nǹkan bí 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ àwọn orín wa wò bóyá wọ́n ń pa kòkòrò àrùn inú ẹnu. Inú abọ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orín àtà kàn kò yí àwọ̀ padà bí ti ìyókù. Ìyẹn ló mú wọn ronú kan àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi egbò orín àtà ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ti ká kò padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Nínú ìgò àyẹ̀wò ni o. Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi sọ pé ọmọ kò ní lọ sí ọsibítù mọ́.

Èyí tó tún gba àfiyèsí ni ti Niprisan. Àlùfáà P. O. Ògúnyalé ló gbé oògùn ìdílé rẹ̀ fún àrùn yìí kan náà lọ fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba, NIPRD, ní Àbújá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ẹ wo iyèré àti osùn, ohun inú igbó ni. Wọ́n dán an wò, ó ṣe é gbé jáde, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà láṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006 ló bọ́ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè dé ọrùn Xechem, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní, ìmọ̀ inú ìdílé lè dé ibi gíga bí ẹni tó ni ín bá jẹ́ kó hàn, tó sì ní àdéhùn. Èkejì, bí iṣẹ́ náà bá wà lọ́wọ́ àlejò nìkan, ọjọ́ tí àlejò bá ṣubú, gbogbo wa la ṣubú.

Kí ni ìwé ilẹ̀ ń sọ?

Ó kù síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sọ ohun tí ìjọba yóò san owó rẹ̀ bó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn: ilé tó kọ́, ohun tó ṣe láti mú ilẹ̀ náà sunwọ̀n, àti irè oko tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ka irè oko á ka kòkó, wọ́n á ka ọ̀pẹ, wọ́n á ka obì. Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń kà á. Ẹnikẹ́ni kò ka ewé eéran, kò sí ẹni tó ka orín àtà, òkìtì ọ̀gán kò sí nínú ìwé. Ta ló gbìn ín? Kò sẹ́ni. Nítorí náà, ta la ó sanwó fún? Kò sẹ́ni. Opó tó ti ń já ewé níbẹ̀ fún ogún ọdún padà sílé lọ́wọ́ òfo, kò sì mọ ẹni tí yóò bá wí, nítorí òfin kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kí a má sì dá ìjọba nìkan lẹ́bi. Bí ẹbí bá fẹ́ ta ilẹ̀, púlọ́ọ̀tì là ń kà. Láti ìgbà tí ilé ti ń kún láàrín Yunifásítì Ìbàdàn àti Ajíbọ́dé títí dé Mọ́níyà, ibi tí a ti ń já ewé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, torí pé wọ́n ní igbó lásán ni. Igbó lásán! N ò ní kí ìlú má gbòòrò o. Ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká kà á kí á tó tà á.

Ẹ má sì rò pé ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967, lẹ́bàá wa níbí, nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ ni wọ́n gbà. Wọ́n fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ fún igbó. Ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dáko tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àdá àti iná kúrò lórí rẹ̀, igbó padà wá fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ Ìbàdàn wà lára rẹ̀, Malimbus ibadanensis, tí Ọ̀gbẹ́ni Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé.

Àmọ́ ìwé àti ọgbà nìkan kò tó. Olókèméjì, igbó ọba tó wà láàrín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, 1899 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, lára àwọn àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Lónìí, apá kan rẹ̀ ti di oko igi tíìkì àti gmelina, àwọn àgbẹ̀ sì ti wọ apá mìíràn. Igbó tí ará ìlú kò bá kà sí tiwọn, ìwé kò lè ṣọ́ ọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe nǹkan mẹ́rin.

Èkínní, ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá fẹ́ ta ilẹ̀, kó dìde ní ìpàdé ẹbí, kó ní kí wọ́n fi etí odò àti igun kan sílẹ̀ ní igbó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn obìnrin agbo ilé lè máa já ewé níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó àti ìlú òyìnbó, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ohùn yín ṣe pàtàkì.

Èkejì, kí á gbìn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa níbi tí igi ti pọ̀, gbòǹgbò ewé eéran díẹ̀ ló fẹ́. Kí á gbin àgbáyun náà. Kóró tútù ni kí ẹ gbìn o, torí pé bó bá ti gbẹ, kì í hù mọ́. Kí ẹ sì ní sùúrù ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọjọ́ tí a bá ti gbìn ín, ó ti ní olówó rẹ̀ nìyẹn, òfin pàápàá á rí i.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ orúkọ sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà kan nílé rẹ̀, kó kọ orúkọ ewé mẹ́wàá, ibi tó ń hù sí, ìgbà tó ń jáde, àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Kí á mú ewé náà lọ sí Jẹ́ríkò, sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, tó ti wà láti 1954, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ fún ìwádìí, kí wọ́n lè bá wa fi orúkọ onímọ̀ sí i. Àgbà ń lọ, wọn kì í sì í fi ìwé ránṣẹ́ padà.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè oògùn ìdílé yín láti lọ ṣe ìwádìí, ẹ má lé e, ẹ má sì kàn kó o fún un. Ẹ kọ àdéhùn. Àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò ní Nagoya ní ilẹ̀ Japan ní 2010, ìlànà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, pé ẹni tó ni ìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á láyè, kó sì ní ìpín nínú èrè. Ẹ̀yin lọ́yà inú wa, iṣẹ́ yín nìyí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa ní orúkọ àwọn ewé ní Látìn, a sì yege ìdánwò. Ìdánwò kan ló kù wá kù báyìí: kí àwọn ọmọ wa lè wọ igbó Ajíbọ́dé, kí wọ́n nàka sí ewé, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí ewé náà sì wà níbẹ̀.

 Mo gbọ́ pé ọ̀sán ti délẹ̀, mọ́ín-mọ́ín sì wà níbẹ̀. Mo ti bi àwọn tó ń se oúnjẹ: inú ewé ni o, kì í ṣe inú ọ̀rá. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún rí ara wa lọ́dún tó ń bọ̀. Àmín.